Bí Igi Jóṣúà Ṣe Ń Yàtọ̀ Láti Òkè Kan sí Èkejì

Nínú aṣálẹ̀ Mojave ní Amẹ́ríkà, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àwọn òkè Kalifọ́níà, Nevada, Arizona àti Utah, ni igi Jóṣúà ti ń hù. Igi ni gbogbo èèyàn ń pè é, ṣùgbọ́n inú ìdílé tí pèrègún wà ni òun náà wà. Bíi ti ọ̀pẹ, kò sí òrùka ọdọọdún nínú ìtì rẹ̀ tí èèyàn lè kà. Gíga rẹ̀ ni wọ́n fi ń fojú díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀, kì í sì í yára ga: nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ́dún.

Ní ìwọ̀ oòrùn aṣálẹ̀ náà, igi yìí máa ń ga dáadáa kó tó ya ẹ̀ka, ewé rẹ̀ sì gùn. Ní ìlà oòrùn, ó kúrú, ìsàlẹ̀ ló ti ń ya ẹ̀ka, ewé rẹ̀ ò sì gùn tó ti èkejì. Onímọ̀ ewéko George Engelmann ló sọ igi náà ní Yucca brevifolia lọ́dún 1871. Ní 1935, onímọ̀ ewéko mìíràn, Susan Delano McKelvey, ya ti ìlà oòrùn sọ́tọ̀ lábẹ́ orúkọ yẹn, àmọ́ ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti ń kà á sí irú igi mìíràn lọ́tọ̀ báyìí: Yucca jaegeriana.

Ẹ̀ka yíyà náà ní ìdí. Orí ọ̀gọ́mọ̀ ni òdòdó ti ń jáde. Bí ọ̀gọ́mọ̀ bá ti tanná, tàbí tí kòkòrò jẹ ẹ́, kò tún lè ga mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni ọ̀mùnú tuntun á gbà yọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí igi bá ti pín sí méjì, ó ti tanná níbẹ̀ rí ni tàbí kó ti fara pa.

Inú òdòdó ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Àfòpiná nìkan ló ń gbé àtíkè òdòdó igi yìí, èyí tó ń jẹ́ kí òdòdó di èso, kiri. Abo rẹ̀ á fi ẹnu kó àtíkè jọ, á rọ ọ́ sábẹ́ àgbọ̀n, á sì fò lọ sórí òdòdó mìíràn. Níbẹ̀, á ki ẹ̀yà ara tóóró tó fi ń yé ẹyin bọ inú òdòdó títí yóò fi kan ibi tí èso ti máa so, á yé ẹyin sí i, lẹ́yìn náà á wá tẹ àtíkè mọ́ ẹnu òdòdó náà. Ìdin tó bá jáde á jẹ díẹ̀ nínú hóró èso, ìyókù á ṣẹ́ kù fún igi.

Tegeticula synthetica ni àfòpiná ìwọ̀ oòrùn. Ti ìlà oòrùn, Tegeticula antithetica, kéré jù ú lọ, ohun tó fi ń yé ẹyin sì kúrú. Ọ̀nà inú òdòdó ìlà oòrùn náà kúrú bákan náà. Bí òdòdó ṣe rí ni kòkòrò rẹ̀ rí. Ní àfonífojì Tikaboo ní Nevada, igi méjèèjì pàdé, àwọn kan níbẹ̀ sì jẹ́ àdàlù.

Kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ ló jẹ́ àbímọ́ o. Lórí ilẹ̀ gíga tó tutù, tàbí lẹ́yìn iná, igi Jóṣúà lè hu láti gbòǹgbò, kí igi kan ṣoṣo di ìgbó kékeré. Láti mọ èyí tó jẹ́ àbímọ́, wọ́n á kó irúgbìn láti oríṣiríṣi ibi, wọ́n á gbìn ín pọ̀ sínú ọgbà kan, ilẹ̀ kan náà, omi kan náà. Ìyàtọ̀ tó bá ṣì kù, àbùdá ló fà á. Wọ́n tún ń gbin irúgbìn kan náà sí ọgbà tó gbóná àti èyí tó tutù, kí wọ́n lè mọ èyí tó fara da ọ̀dá tàbí òtútù.

Ìmọ̀ yìí jẹ́ kánjúkánjú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, iná jó ilẹ̀ tó lé ní éékà 43,000 ní Cima Dome, ní Kalifọ́níà níbi tí igi irú ti ìlà oòrùn ti ń hù, wọ́n sì fojú bù ú pé igi Jóṣúà mílíọ̀nù 1.3 ló bá a lọ. Àwọn tó lọ tún ibẹ̀ gbìn fi ràkúnmí ru ọ̀gbìn. Ṣùgbọ́n irúgbìn ibo ló yẹ kí wọ́n máa gbìn? Ti àdúgbò náà mọ òtútù ibẹ̀, àfòpiná ibẹ̀ sì mọ òdòdó rẹ̀. Ti ilẹ̀ tó gbóná jù lè fara da ooru tó ń bọ̀. Ti ìwọ̀ oòrùn lè hù, kó má sì rí àfòpiná tirẹ̀.