Ìpín àkókò fún iṣẹ́ tí kò kánjú nínú kernel

Iṣẹ́ tí kò kánjú ni iṣẹ́ tí operating system, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ń ṣe lábẹ́lẹ̀, tí ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà kò retí èsì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgbowó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn, jẹ́ àpẹẹrẹ kan: lẹ́tà tí atẹ̀wé tẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ kíá, ṣùgbọ́n ètò tó ń wá fáírọ́ọ̀sì lè ní sùúrù. Olùpín-àkókò inú kernel, ọkàn operating system, ló ń pinnu iṣẹ́ tí CPU, ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà gan-an, kàn.

Ìwọ̀n nínú Linux

Nínú Linux, operating system kan, nọ́ńbà nice, láti -20 dé 19, ló ń sọ ipò iṣẹ́. Bó bá ṣe ń ga sí i ni iṣẹ́ náà ń yàgò fún àwọn yòókù. Kernel ń sọ ọ́ di ìwọ̀n, èyí tó ń sọ bí ìpín iṣẹ́ náà nínú CPU ṣe tó: nice 0, tó jẹ́ ti iṣẹ́ lásán, ní 1024, 19 ní 15. Ẹ̀dà 2.6.23 (2007) mú olùpín-àkókò CFS tí Ingo Molnár kọ wọlé, pẹ̀lú SCHED_IDLE, ìsọ̀rí fún iṣẹ́ tí kò kánjú rárá, tí ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 3 péré lónìí. Bí iṣẹ́ SCHED_IDLE kan àti iṣẹ́ lásán kan bá ń du CPU kan náà, 3 nínú 1027 ló tọ́ sí i, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí kò bá sí ẹlòmíràn, òun ló ni gbogbo rẹ̀. Olùpín-àkókò tuntun, EEVDF, ti gbapò CFS láti ẹ̀dà 6.6 (2023), ṣùgbọ́n àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí kò yí padà.

Ìdí tí ìwọ̀n náà kì í fi í ṣe òdo

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Iṣẹ́ tí kò kánjú lè di àgádágodo (lock, ohun tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ kan ṣoṣo lo nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan) mú nínú kernel, kí wọ́n sì gba CPU lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó tú u sílẹ̀. Iṣẹ́ pàtàkì tó nílò àgádágodo yẹn yóò wá dúró, nígbà tí àwọn iṣẹ́ àárín, tí ipò wọn wà láàárín ti méjèèjì, ń lo CPU lọ. Ipò ti dorí kodò nìyẹn.

Ó ṣẹlẹ̀ sí Mars Pathfinder, ọkọ̀ tí NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars, ní 1997. Iṣẹ́ tó ń kó ìròyìn ojú ọjọ́ jọ, tí ipò rẹ̀ rẹlẹ̀, di àgádágodo mú. Iṣẹ́ àárín gba CPU lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń darí ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà láàárín àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ náà, tí ipò rẹ̀ ga, kò lè parí lásìkò, kọ̀ǹpútà náà sì ń tún ara rẹ̀ tàn léraléra. Láti ayé níbí ni wọ́n ti tún un ṣe, nípa títan ìjogún ipò: ẹni tó di àgádágodo mú gba ipò ẹni tó ń dúró dè é, títí yóò fi tú u sílẹ̀. Lui Sha, Ragunathan Rajkumar àti John Lehoczky ti ṣàlàyé ọ̀nà yìí ní 1990.

Mutex lásán, irú àgádágodo kan nínú Linux, kì í sábà jogún ipò bíi rt_mutex, irú mìíràn tó ní ìjogún ipò. Nítorí náà, ìwọ̀n 3 kékeré yẹn níye lórí gan-an: ó ń jẹ́ kí ẹni tó di àgádágodo mú rí àyè tú u sílẹ̀, bó tilẹ̀ lè pẹ́.

Dísìkì àti iná

Àṣẹ ionice ti Linux ń ṣe irú ètò yìí fún dísìkì, bí olùpín-àkókò dísìkì bíi BFQ bá kà á sí. Windows Vista náà ní ipò abẹ́lẹ̀ tirẹ̀. Lórí Android, láti ẹ̀dà 5.0 (2014), JobScheduler, tó ń ṣètò iṣẹ́ abẹ́lẹ̀, lè dá iṣẹ́ dúró títí fóònù yóò fi wà lórí ṣájà. Ní Ìbàdàn, níbi tí iná kì í dúró déédéé, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.