Fíìmù Ìgbẹ̀yìn Ayé ti Àwọn Onígbàgbọ́

Fíìmù ìgbẹ̀yìn ayé ti àwọn onígbàgbọ́ ni eré tí ń dá jìnnìjìnnì bo òǹwòran nípa ohun tí àwọn ìjọ kan gbà pé yóò ṣẹlẹ̀ kí ayé tó parí: ìgbàsókè àwọn tó gba Jésù gbọ́ lọ sí ọ̀run lójijì, ìpọ́njú ọdún méje, ìjọba aṣòdì sí Kristi, àti àmì ẹranko náà, ìyẹn nọ́ńbà tí wọn yóò fi sí èèyàn níwájú orí tàbí lọ́wọ́, tí ẹni tí kò bá ní in kò ní lè rà, kò sì ní lè tà. Amẹ́ríkà ni irú eré yìí ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ àwọn Yorùbá Àjàṣẹ́ (tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo), Kétu àti Sábẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ náà ń wò ó.

Inú Tẹsalóníkà Kìíní orí 4 àti Ìfihàn orí 13 ni ọ̀pọ̀ ìtàn wọn ti wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe to àwọn ẹsẹ náà tẹ̀léra, tí ìgbàsókè fi ṣáájú ìpọ́njú, kì í ṣe ohun tí gbogbo ìjọ fara mọ́. John Nelson Darby, àlùfáà kan tó ṣiṣẹ́ ní Ayálándì, ló tan ẹ̀kọ́ náà kálẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1830 lọ, Bíbélì alálàyé tí Scofield ṣe, tó jáde ní 1909, sì gbé e wọ ilé ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà. Ìjọ Kátólíìkì àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí àwọn méjèèjì ti pẹ́ ní Àjàṣẹ́, kò kà á mọ́ ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn fíìmù náà kì í sábà jẹ́ kí òǹwòran mọ èyí.

Eré tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ni A Thief in the Night, tí Donald W. Thompson darí ní ìpínlẹ̀ Iowa, tó sì jáde ní 1972. Inú Tẹsalóníkà Kìíní 5:2 ni wọ́n ti mú àkọlé rẹ̀, níbi tí ọjọ́ Olúwa ti ń bọ̀ “gẹ́gẹ́ bí olè ní òru”. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Patty jí, ó gbọ́ lórí rédíò pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti pòórá. Ẹ̀rọ tí ọkọ rẹ̀ fi ń fárùngbọ̀n ṣì ń kùn níbi ìfọwọ́, ọkọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ya eré náà, ó sì dà bíi pé àìlówó yìí gan-an ló jẹ́ kó múná, nítorí kò sẹ́ni tí í náwó kó tó lè fi hàn pé èèyàn kò sí nílé. Mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e ní 1978, 1981 àti 1983. Inú ìjọ ni wọ́n ti sábà ń fi wọ́n hàn, tí oníwàásù á sì ké sí àwọn tó bá fẹ́ ronúpìwàdà bí eré bá ti parí.

Nígbà tí ọdún 2000 ń sún mọ́lé, owó wọ iṣẹ́ náà. The Omega Code dé ilé sinimá ní 1999. Left Behind, tí wọ́n mú láti inú ìwé tí Tim LaHaye àti Jerry B. Jenkins kọ ní 1995, jáde ní fídíò ní 2000 kó tó dé ilé sinimá ní 2001. LaHaye fúnra rẹ̀ pe àwọn tó ṣe é lẹ́jọ́. Wọ́n tún un ṣe ní 2014, Nicolas Cage sì ṣe awakọ̀ òfuurufú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn alárìíwísí bu ẹnu àtẹ́ lù ú gan-an.

Ọ̀nà mìíràn ni eré onígbàgbọ́ gbà láàárín Yorùbá. Mount Zion Faith Ministries, tí Mike Bamiloye dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1985, fi Agbára Ńlá àti àwọn eré bíi rẹ̀ gbájú mọ́ ìjà láàárín àdúrà àti agbára òkùnkùn. Àjàṣẹ́ ni Samuel Oshoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run sílẹ̀ ní 1947, nítorí náà ìran àti àsọtẹ́lẹ̀ kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Lójú òǹwòran ibẹ̀, àjẹ́ àti oògùn lè sún mọ́ ilé ju kọ̀ǹpútà tí ń ka nọ́ńbà níwájú orí lọ. Èdè pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Ẹni tó bá kàwé ní Bẹ̀nẹ̀, Faransé ló fi kà á, nítorí náà eré Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kò túmọ̀ nílò ẹni tí yóò máa ṣe ògbufọ̀ rẹ̀, nígbà tí eré Yorùbá láti Nàìjíríà kò nílò ògbufọ̀ kankan fún ará Kétu tàbí Sábẹ̀.