Bí Owó Oṣù Tó Kéré Jù Ṣe Di Òfin

Lọ́jọ́ tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin tó sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000 lóṣù Keje ọdún 2024, ọmọkùnrin kan tó ń báni tajà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Kubwa l'Ábújá, ọmọ Ọ̀ffà, bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó kan èmi náà?" Ìrẹsì ló ń wọ̀n fún oníbàárà lọ́wọ́. Múdù ni wọ́n ń lò níbí. Nílé, kóńgò là bá máa lò. Mo ní kó fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà jìnnà.

Ogun ló bí i. Nígbà tí Hitler ń bá ayé jà, ọjà wọ́n gógó, owó oṣù ò sì kúrò lójú kan. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹfà 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àtàwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn da iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí ìjọba òyìnbó fi ìdajì lé owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n ọjà tí wọ́n ń pè ní COLA (kì í ṣe obì o), kí lébìrà má sì gba ohun tó dín sí ṣílè méjì àti sísì lójúmọ́. "Kò gbọdọ̀ dín sí báyìí" yẹn lèmi rí bí ìdí igi òfin òní. Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí ìjọba ti há mọ́ Auchi láti 1943, kò tíì pé oṣù kan tó dé sí Èkó nígbà náà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n wá fi sọ ilé ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó wà n'Ílọrin. Ìyanṣẹ́lódì náà lé lóṣù kan. Ìgbìmọ̀ Tudor Davies tó yẹ̀ ẹ́ wò gbè sẹ́yìn àfikún náà.

Àmọ́ àfikún kì í ṣe òfin. Ó di 1981, lẹ́yìn tí NLC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, tí Hassan Sunmonu ń darí, yanṣẹ́ lódì fún ọjọ́ méjì, kí Ààrẹ Shagari tó fọwọ́ sí ₦125 lóṣù. ₦300 ni wọ́n béèrè. Ẹ má fi ₦125 rẹ́rìn-ín, náírà ju dọ́là lọ nígbà yẹn.

Àwọn tó tẹ̀ lé e ò le ṣàlàyé: ₦250, ₦5,500 ní 2000, ₦18,000 ní 2011, ₦30,000 ní 2019. Kí ti 2024 tó jáde, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti pa iná mànàmáná gbogbo orílẹ̀-èdè lóru mọ́jú ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà. Ní báyìí, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọn yóò máa tún un yẹ̀ wò.

"Ẹ ò tíì dá mi lóhùn, ẹ̀gbọ́n."

Láti 1981 ni òfin náà ti ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá pé àádọ́ta, kò kàn án. Ní 2019 ni wọ́n dín in kù sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ó wo ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tó ń gbowó, ó wo ọmọ tó ń gbálẹ̀ níta, ó da múdù dojú dé.

"Mẹ́ta péré ni wá."