Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọkàn ọlọ́pàá wò

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018 kì í ṣe ìjàkadì. Téṣàn ọlọ́pàá làwọn adigunjalè kọ́kọ́ kọlù kí wọ́n tó yà sí àwọn báǹkì. Ọlọ́pàá mẹ́sàn-án bá a lọ.

Mo mọ ọlọ́pàá kan ní Ìlọrin tí kì í kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà búkà. Bí ọ̀kadà bá ta páù níta, òkèlè á dúró sí i lọ́wọ́. Mo ní ṣé kò lè lọ rí dókítà ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n wá kọ ọ́ sí fáìlì mi pé orí mi ti dàrú?"

Ẹ̀rù yẹn ní ìtàn. Ẹnu ọ̀nà ìgbanisíṣẹ́ ni yíyẹ ọkàn ọlọ́pàá wò ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1916, Lewis Terman, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford, dán 30 ènìyàn wò ní San Jose ní Amẹ́ríkà, àwọn tó fẹ́ ṣe ọlọ́pàá àti panápaná. Làákàyè ló ń wọ̀n. Ti pé bóyá ẹni náà máa ń tètè bínú kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbọn ni wọ́n fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́!

Rògbòdìyàn Watts ní Los Angeles lọ́dún 1965 wà lára ohun tó la ojú wọn. Lọ́dún 1968, àwọn ọlọ́pàá ìlú náà gba Martin Reiser, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, síṣẹ́ gbére. Òun kì í ṣe àyẹ̀wò nìkan, ó ń gba ọlọ́pàá tí ọkàn rẹ̀ wúwo nímọ̀ràn. Ìgbà yẹn ni ìtọ́jú tó wọnú ilé.

Tiwa gba ojú títì wọlé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ohun márùn-ún làwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ́de tako SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè, béèrè. Ọ̀kan ni kí wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn ọmọ SARS wò kí wọ́n tó gbé wọn lọ síbòmíràn. Òmíràn, ẹ gbọ́ ná, ni kí wọ́n fi kún owó oṣù ọlọ́pàá! Ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá nígbà náà, Mohammed Adamu, tú SARS ká, ó sì ní kí wọ́n wá sí Àbújá fún àyẹ̀wò. Ẹ̀sùn ló ṣáájú, ìtọ́jú tẹ̀ lé e. Ta ló máa fẹ́ kí wọ́n rí òun níbẹ̀?

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi, ọlọ́pàá Ìlọrin yẹn, lórí àmàlà. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí.

"Reiser yẹn, ṣé ó máa ń kọ ọ́ sí fáìlì?"