Ibi tí mítà ti ṣẹ̀ wá

Ní ilẹ̀ Faransé ṣáájú 1789, òṣùwọ̀n ìlú kan kì í bá ti ìlú kejì mu, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé àwọn ọlọ́lá tó ni ilẹ̀ ló máa ń tọ́jú òṣùwọ̀n ọkà, òun náà sì ni wọ́n fi ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Bí ọlọ́lá bá sọ òṣùwọ̀n rẹ̀ di ńlá, ta ni àgbẹ̀ fẹ́ fẹjọ́ sùn? Nígbà tí ọba ní kí aráàlú kọ ẹ̀dùn ọkàn wọn wá lọ́dún 1789, ọ̀pọ̀ ló bẹ̀bẹ̀ fún òṣùwọ̀n kan ṣoṣo.

Àwọn aṣòfin tuntun kò mú ti Paris kí wọ́n fi jẹ gàba lórí àwọn yòókù. Ní March 1791 wọ́n pinnu pé ayé fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀n: láti òpin àríwá ayé dé ìlà agbedeméjì rẹ̀, kí wọ́n pín in sọ́nà 10,000,000, kí ìdá kan jẹ́ mítà. Ìpinnu yìí wú mi lórí gan-an, torí kò sí ọba tó lè ní òun ló ni ayé. Lára mítà náà ni wọ́n ti yọ ìyókù. Àpótí tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 gba lítà kan, omi tó kún un sì jẹ́ kílò kan.

Ta ló fẹ́ wọ̀n ọ́n dé òpin àríwá? Wọ́n ní kí onímọ̀ ìràwọ̀ méjì, Delambre àti Méchain, wọ̀n láti Dunkirk ní àríwá Faransé dé Barcelona ní Sípéènì, kí wọ́n ṣírò ìyókù. Láti 1792 di 1798 ni wọ́n fi ń gun òkè àti ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kiri. Ní Saint-Denis nítòsí Paris, èrò dá Delambre dúró, wọ́n fura sí i àti àwọn irinṣẹ́ rẹ̀. Ti Méchain ló ṣeni láàánú jù. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe é léṣe nítòsí Barcelona débi pé wọ́n rò pé ó ti kú. Ogun bẹ́ sílẹ̀, kò rí ọ̀nà padà sílé. Ó fi ìràwọ̀ wá bí Barcelona ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó. Ó wò ó lórí òkè Montjuïc, ó tún un wò láàárín ìlú, èsì méjèèjì ò bára mu. Ó fi í pa mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó padà lọ sí Sípéènì láti tún iṣẹ́ ṣe, ibà sì pa á níbẹ̀ ní 1804. Nínú ìwé tí Méchain kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí ni Delambre ti wá rí òtítọ́.

Wọ́n ti fi ọ̀pá mítà tí wọ́n fi platinum ṣe pamọ́ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba láti June 1799. Ó fi nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá márùn-ún mìlímítà kan kúrú sí ohun tí wọ́n ń wá. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi Méchain: ayé pẹlẹbẹ díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, iye tí wọ́n fi ṣírò pípẹlẹbẹ yẹn ni kò tọ̀nà.

Orílẹ̀-èdè 17 fọwọ́ sí àdéhùn mítà ní Paris ní 1875. Ní 1960, wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ rọ́pò ọ̀pá; nígbà tó di 1983, mítà di ìrìn tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn nínú òfìfo láàárín ìdá kan nínú 299,792,458 ìṣẹ́jú àáyá. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan nọ́ńbà gbọọrọ yìí kí gígùn àtijọ́ má bàa yí padà, nítorí náà mítà tó kù díẹ̀ káàtó yẹn gan-an la ṣì ń lò.