Iṣẹ́ ìwádìí alájọṣe lábẹ́ owó Ìṣọ̀kan Yúróòpù

Iṣẹ́ ìwádìí alájọṣe lábẹ́ owó Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni iṣẹ́ tí yunifásítì, ilé-iṣẹ́ aládàáni, ilé ìwòsàn àti àjọ ìjọba láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ ń ṣe, tí owó rẹ̀ ń wá láti àpò Ìṣọ̀kan náà. Ètò ọlọ́dún gbọọrọ ni wọ́n fi ń pín owó yìí. Èyí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1984. Ẹ̀kẹsàn-án, Horizon Europe, wà fún ọdún 2021 sí 2027, bílíọ̀nù 95.5 owó yúró sì ni wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ fún un.

Kí wọ́n tó lè ka iṣẹ́ kan sí alájọṣe, ó kéré tán, àjọ tàbí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tí ọ̀kan kò sí lábẹ́ èkejì, láti orílẹ̀-èdè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ ti orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wá. Àwọn yòókù lè wá láti orílẹ̀-èdè tó ní àdéhùn pẹ̀lú Ìṣọ̀kan náà, bíi Norway, tàbí Bìrìtéènì tó padà wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024.

Oríṣi iṣẹ́ ló ń sọ iye tí alájọṣe yóò fi owó ara rẹ̀ kún. Èyí tó wọ́pọ̀ ni RIA, ìwádìí tó ń wá ìmọ̀ tuntun, tí Ìṣọ̀kan ń san 100% ìnáwó tí ìlànà fọwọ́ sí. IA ni ti iṣẹ́ tó ti sún mọ́ ọjà, bíi ẹ̀rọ tó ti yege ní yàrá ìdánwò tí wọ́n fẹ́ gbé jáde síta. Níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń wá èrè kì í gbà ju 70% lọ, ṣùgbọ́n àjọ tí kì í wá èrè lè gba gbogbo rẹ̀. CSA kì í ṣe ìwádìí rárá. Ìpàdé, ìlànà àti síso àwọn olùwádìí pọ̀ ni owó rẹ̀ wà fún. Owó ERC (Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Yúróòpù), tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, ni àwọn ènìyàn sábà máa ń kó pọ̀ mọ́ ìwọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ onímọ̀ kan àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà fún.

Àwọn onímọ̀ olómìnira ló ń ṣàyẹ̀wò àbá iṣẹ́. Wọ́n ń fún un ní máàkì lórí ìjìnlẹ̀ rẹ̀, àǹfààní tí yóò mú wá, àti bí ètò rẹ̀ ṣe múná dóko tó. Máàkì 5 ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àbá tí kò bá ní 3 níbì kọ̀ọ̀kan, àti 10 lápapọ̀, ti já. Èyí tó yege pàápàá lè má rí owó gbà, nítorí owó kì í kárí.

Láàárín ẹgbẹ́, olùdarí kan ló ń bá àjọ tó ń sanwó sọ̀rọ̀, òun ló ń gba owó tó sì ń pín in. Wọ́n a gé iṣẹ́ sí abala, alájọṣe kan a sì máa léwájú abala kọ̀ọ̀kan. Ohun tí abala kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi jíṣẹ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀: D3.2 ni èkejì láti inú abala kẹta. Ìwé àdéhùn méjì ló wà: ọ̀kan pẹ̀lú ẹni tó ń sanwó, èkejì láàárín àwọn alájọṣe fúnra wọn lórí ìbò, aáwọ̀ àti ẹni tó ni àbájáde. Èkejì yìí ni àwọn tuntun máa ń fojú kéré. Bí alájọṣe kan bá sá, àwọn yòókù ni yóò parí iṣẹ́ rẹ̀, láìsí pé owó ìrànwọ́ pọ̀ sí i. Gbèsè owó yàtọ̀, ọrùn ẹni tó jẹ ẹ́ ló wà, ètò ìdójútòfò àpapọ̀ kan sì ń gba àdánù mọ́ra.

Human Brain Project, iṣẹ́ alájọṣe ńlá lórí ọpọlọ ènìyàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2013 pẹ̀lú yunifásítì EPFL ní Lausanne, Switzerland, gẹ́gẹ́ bí olùdarí, ló fi hàn bí ètò ìṣàkóso ṣe lè da irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rú. Ní oṣù keje ọdún 2014, ọgọ́rọ̀ọ̀rún onímọ̀ ọpọlọ fọwọ́ sí lẹ́tà ìta gbangba. Ẹ̀sùn wọn ni pé wọ́n ti yọ ìwádìí lórí ìrònú àti ìhùwàsí kúrò ní àárín iṣẹ́ náà, àti pé ọwọ́ ènìyàn díẹ̀ ni agbára wà. Wọ́n pe alárinà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015, wọ́n tú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tó ń darí rẹ̀ ká. Iṣẹ́ náà parí ní 2023, ó sì fi EBRAINS sílẹ̀, ìkànnì tí àwọn onímọ̀ ti ń rí dátà àti àwòrán ọpọlọ lò.

Fún ilẹ̀ Áfíríkà, EDCTP, ètò ìdánwò ìwòsàn tí Yúróòpù àti Áfíríkà jọ ń ṣe, ni ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ jù. Ọdún 2003 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún ìdánwò oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára lórí HIV, ibà àti ikọ́ ẹ̀gbẹ, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti Áfíríkà ló sì jọ ń ṣe é. Nàìjíríà wà lára wọn. Lábẹ́ Horizon Europe, yunifásítì Nàìjíríà tó bá wà nínú ẹgbẹ́ tó yege lè gba owó tààrà, torí orílẹ̀-èdè náà wà lára àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀.