Iṣẹ́ aṣọ́lé ní àwọn líìgì ìsàlẹ̀ Argẹntínà

Ascenso ni àwọn ará Argẹntínà ń pe gbogbo líìgì bọ́ọ̀lù tó wà lábẹ́ Primera División, líìgì tó ga jù lọ. Aṣọ́lé tó ń jẹun níbẹ̀ ń bá ẹni méjì tàbí mẹ́ta du àyè kan ṣoṣo. Atamátàsé tó jókòó lórí bẹ́ńṣì lè wọlé nígbà tó bá ku ogún ìṣẹ́jú kó sì fakọ yọ, ṣùgbọ́n aṣọ́lé kejì kì í sábà wọlé àfi tí àkọ́kọ́ bá farapa tàbí tó gba káàdì pupa. Ọdún méjì lè kọjá lórí ẹni tó mọ iṣẹ́ dunjú láìfọwọ́ kan bọ́ọ̀lù nínú ìdíje.

Primera Nacional, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986, ni ipele kejì. Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀nà pín sí méjì. Àwọn kílọ́ọ̀bù tó wà tààrà lábẹ́ AFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù Argẹntínà, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ti Buenos Aires àti agbègbè rẹ̀, ń gbá ní Primera B Metropolitana àti Primera C. Àwọn ti ìpínlẹ̀ yòókù ń gbá ní Torneo Federal A, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, tàbí Torneo Regional Federal Amateur tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Primera D, tí kì í ṣe líìgì olówó-oṣù, ti wọ inú Primera C láti 2024.

Ìrìn àjò pọ̀. Nínú sáà kan náà, ẹgbẹ́ Primera Nacional lè lọ sí San Salvador de Jujuy, tó ga tó nǹkan bíi 1,250 mítà, kó tún lọ sí Puerto Madryn ní etí òkun Patagonia. Ó lé ní 2,000 kìlómítà láàárín ìlú méjèèjì. Atẹ́gùn Madryn ló ń da aṣọ́lé láàmú jù. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá láti ẹ̀gbẹ́, tó dà bíi pé ó ti ń jáde, lè yí padà sẹ́nu òpó. Nítorí náà, kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, aṣọ́lé tó mọṣẹ́ máa ń ní kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù gíga sí òun ní ojúlé méjèèjì, kó lè mọ èyí tó yẹ kó jáde mú àti èyí tó yẹ kó dúró dè.

Bí wọ́n ṣe ń gòkè

Ọmọ ọdún 14 ló ń wọ novena, ìyẹn ìsọ̀rí kẹsàn-án. Lọ́dọọdún ni yóò máa gun ìsọ̀rí kan títí dé cuarta, ìyẹn ìsọ̀rí kẹrin, lẹ́yìn náà ló kan reserva, ẹgbẹ́ kejì kílọ́ọ̀bù náà. Òfin 20.160 ti 1973 àti àdéhùn àpapọ̀ 557/09 ló ń darí iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Bí ọdún tí ọmọ náà pé ẹni 21 bá ń parí lọ, kílọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ fún un ní àdéhùn olówó-oṣù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń le fún aṣọ́lé, torí aṣọ́lé kì í tètè dàgbà nínú iṣẹ́. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ló sábà wà níwájú rẹ̀, ẹni náà sì lè lo ọdún márùn-ún sí i.

Wọn a wá yá a fún kílọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ fún ọdún kan. Bó bá débẹ̀ tó tún jókòó, ọdún náà ṣòfò, torí kò sí ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn máa wò. Owó oṣù náà kì í dúró sójú kan. Bí kílọ́ọ̀bù bá jẹ ẹ́ ní owó oṣù méjì, ó lè kọ̀wé bèèrè rẹ̀, bí wọn ò bá sì san án, ó ti dòmìnira. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, Futbolistas Argentinos Agremiados, tó wà láti 1944, ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ náà ń náni lówó. Rọ́bà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kì í sábà ju mílímítà 4 lọ, ilẹ̀ líle tí koríko ti tán lẹ́nu òpó sì máa ń tètè gé e. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, abẹ́ ibòji ni wọ́n sì ń sá a sí. Bí oòrùn bá gbẹ ẹ́, á le, á sán, bọ́ọ̀lù á sì máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́. Wọ́n máa ń fi omi díẹ̀ tọ́ ọ kí wọ́n tó wọ pápá, torí rọ́bà gbígbẹ kì í di bọ́ọ̀lù mú dáadáa.

Reducido, ìdíje àṣekágbá tí wọ́n fi ń wá ẹgbẹ́ kejì tó máa gòkè, ló ń sọ aṣọ́lé di olókìkí. Ní àwọn ipele kan nínú rẹ̀, ọ̀mì ti tó fún ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa jù nínú líìgì. Nítorí náà, aṣọ́lé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ fi àkókò ṣòfò, àmọ́ òfin 2025 ti ká a lọ́wọ́ kò: bó bá di bọ́ọ̀lù mú ju ìṣẹ́jú àáyá 8 lọ, kọ́nà ni fún àwọn alátakò.

Franco Armani

Casilda ní ìpínlẹ̀ Santa Fe ni wọ́n ti bí Armani ní 1986. Ó kọ́ṣẹ́ ní Estudiantes, ó lọ sí Ferro Carril Oeste ní ipele kejì, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ rí àyè gbá. Ní 2008 ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Deportivo Merlo ní ipele kẹta. Ìsọ̀kalẹ̀ yìí ló tún ayé rẹ̀ ṣe, torí ibẹ̀ ló ti di aṣọ́lé àkọ́kọ́, Merlo sì gòkè ní 2009. Ní 2010, Atlético Nacional ti Kòlóḿbíà wá ṣe ìgbáradì ní Argẹntínà, wọ́n bá Merlo gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́, wọ́n rí i, wọ́n sì mú un lọ.

Ó gba Copa Libertadores, ife àwọn kílọ́ọ̀bù Gúúsù Amẹ́ríkà, pẹ̀lú wọn ní 2016, ó sì tún gbà á pẹ̀lú River Plate ní 2018. Nàìjíríà ló kọ́kọ́ dojú kọ nínú aṣọ ikọ̀ Argẹntínà, ní Saint Petersburg ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2018, nígbà tó ti pé ẹni 31. Victor Moses gbá pẹnáritì sínú àwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n Argẹntínà borí pẹ̀lú 2-1. Ó wà nínú ikọ̀ tó gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní 2022.

Àwọn mìíràn ti òkè wá sísàlẹ̀. Cristian Lucchetti gba Apertura 2009, ife líìgì gíga, pẹ̀lú Banfield, ó kọjá sí Boca Juniors, lẹ́yìn náà ló lọ sí Atlético Tucumán ní ipele kejì. Ó tún máa ń gbá pẹnáritì wọlé fún ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Tucumán gòkè ní 2015. Ní oṣù kejì 2017, wọ́n pẹ́ dé Quito ní Ecuador fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Libertadores, ẹrù wọn kò sì bá wọn dé. Aṣọ ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Argẹntínà ni wọ́n yá wọ̀. Ẹni ọdún 38 ni Lucchetti lẹ́nu òpó lọ́jọ́ náà. Wọ́n na El Nacional, kílọ́ọ̀bù Quito, ní 1-0, wọ́n sì bá ìdíje náà dé ìpele ìsọ̀rí, níbi tí wọ́n ti pàdé Palmeiras àti Peñarol.